Alùpùpù, Ẹni Méjì àti Ojú Ọjọ́ Scotland

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ gun alùpùpù láti Manchester lọ sí ìlú Fort William ní Scotland ní oṣù Karùn-ún. Ẹ̀yìn ni èmi yóò jókòó sí, ẹ̀rù òjò àti òtútù sì ń bà mí. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Arábìnrin wa, ẹ kú ìmúra. Ìbẹ̀rù yín tọ́, nítorí pé bí ẹ bá ti kọjá adágún omi Loch Lomond lójú ọ̀nà A82, ẹ ó gòkè dé Rannoch Moor, ilẹ̀ gbalasa tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní igi tí yóò gba afẹ́fẹ́ dúró, níbi tí oòrùn, òjò àti kùrukùru ti lè dé láàárín wákàtí kan ṣoṣo. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn kì í mira púpọ̀, nítorí náà òtútù a ti wọ̀ ọ́ lára kí ó tó mọ̀. Ẹ wọ aṣọ òjò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mú ibọ̀wọ́ gbígbẹ mìíràn dání, pàápàá fún ọkọ yín, torí ọwọ́ tí òtútù ti pa kò lè tẹ ìjánu dáadáa. Kí ó fẹ́ táyà dé ìwọ̀n tí ìwé alùpùpù náà sọ fún ẹni méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rìn ín tán lọ́jọ́ kan. Ẹ sùn ní Glasgow. Bí ẹ bá sì gbá ọkọ yín léjìká lẹ́ẹ̀mejì, kí ó dúró, láìjiyàn.