Ẹ Bi Alágo: Rolex ọdún àádọ́ta, àti ẹ̀gbà tí wọ́n ń fi súkúrù dè

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, mẹ́ta péré ni àyè gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n sọ iye tí aago báyìí báyìí ń lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí ìwé ìròyìn yìí tó kúrò lọ́wọ́ atẹ̀wé dé ọwọ́ yín, náírà á ti yí ohùn padà.

*Bàbá Alágo, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa pé ẹni àádọ́ta ọdún lóṣù Kejìlá. Ìyàwó mi àti àwọn àbúrò mi ti dáwó jọ, wọ́n ní kí n fi ra aago tó bá wù mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Rolex ni, Day-Date gan-an, èyí tó ń fi ọjọ́ àti déètì hàn, pé owó mi ò ní sọnù, ṣe ni yóò máa lé sí i. Ẹnì kan tiẹ̀ ti fi ọ̀kan hàn mí, irin ni, kì í ṣe wúrà, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe. Ọjọ́ Sátidé tí mo bá ń lọ òde ni mo máa ń wọ aago gidi. Kí lẹ rí sí i?*
*Ọlọ́jọ́ ìbí, Bódìjà, Ìbàdàn*

Ọlọ́jọ́ ìbí, ẹ kú oríire, ẹ ó ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé.

Aago onírin yẹn ni ká kọ́kọ́ yanjú. Ẹ dá a padà lónìí. Láti ọdún 1956 tí Rolex ti gbé Day-Date jáde, wúrà àti platinum ni wọ́n fi ń ṣe é tà. Kò sí onírin. Ẹni tó bá gbé onírin wá, yálà wọ́n ti lu òun náà ní jìbìtì, tàbí ẹ̀yin ló fẹ́ lù.

Irú rẹ̀ ti dé orí tábìlì mi ní Dùgbẹ̀ rí. Ọkùnrin kan tó múra dáadáa ló gbé e wá, ó ní aago òun ń fi ìdajì wákàtí ṣáájú lójúmọ́. Mo há awò mi sójú, mo di orí kékeré tí a fi ń yí i mú. Ọwọ́ mi ti mọ̀ kí ojú mi tó mọ̀: ó ń họ bí ẹni pé yanrìn wà nínú rẹ̀. Mo wá ṣí ìdérí ẹ̀yìn. Irin pẹlẹbẹ tó máa ń yí kiri nínú irú aago bẹ́ẹ̀, tó yẹ kó nípọn kó sì wúwo, fẹ́lẹ́ bí ìdérí agolo mílíìkì ni, orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí i sì wọ́ lápá kan. Mo yọ awò ojú mi fún un kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ó wò ó títí. Ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi dé e.” Kò bèèrè nǹkan kan mọ́. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó ku ti ọ̀rẹ́ yín tó ní owó á máa lé sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, Rolex tòkunbọ̀ gbówó lórí débi pé àwọn kan ń rà á bí ẹni ń ra ilẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti já wálẹ̀, ẹni tó rà á lókè wá ń wá ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ òun. Ilẹ̀ Bódìjà kì í ṣe báyẹn. Aago tí ẹ bá máa wọ̀ lọ òde, ẹ kà á mọ́ aṣọ.

Ohun tí ẹ mẹ́nu bà fìrí yẹn gan-an ló ká mi lára: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ fẹ́ máa wọ̀ ọ́. Day-Date kò ní bátìrì. Bí ẹ ṣe ń ju apá ni irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ń yí, tó ń lọ́ sípíríǹgì. Tí ẹ bá bọ́ ọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí lè rìn fún nǹkan bíi wákàtí 70. Kí Ọjọ́rú tó mọ́, ó ti dákẹ́. Sátidé tó ń bọ̀, ẹ ó jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú agbádá lọ́rùn, ẹ ó máa yí ọjọ́, ẹ ó máa yí déètì, ìyàwó yín á sì máa fun fèrè mọ́tò nísàlẹ̀.

Ní ti kí aago mọ àkókò, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í dùn mọ́ àwọn tó ń tà á. Rolex fúnra wọn ní aago àwọn lè fi ìṣẹ́jú àáyá 2 ṣáájú tàbí kó fi 2 rẹ̀yìn lójúmọ́. Fún ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì, iṣẹ́ ńlá nìyẹn, mo júbà wọn. Àmọ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 1969, Seiko ní Japan gbé aago ọwọ́ oníbátìrì tó ní òkúta quartz nínú jáde fún títà. Èyí tó wọ́pọ̀ lóde òní, òkúta inú rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í sì í sábà ṣì ju ìṣẹ́jú àáyá bíi 15 lọ lóṣù kan gbáko. Ti ọmọléèwé tí wọ́n rà ní Gbági mọ àkókò ju ti olówó lọ. Nítorí náà ẹ má tan ara yín pé torí àkókò lẹ ṣe fẹ́ Rolex. Torí bó ṣe jókòó sọ́wọ́ ni, àti torí ojú tí wọ́n á fi wò yín nígbà tí ẹ bá nawọ́ gba ife. Kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Tí ẹ bá ń lọ ra èyíkéyìí, ẹ wọ agbádá yín lọ. Mi ò ṣàwàdà. Ẹ so aago náà mọ́wọ́, kí ẹ ká agbádá sí èjìká nígbà mẹ́wàá. Ìdè onírin máa ń fa léèsì. Òwú aṣọ tí mo ti fi ẹ̀mú yọ láàárín ìdè aago àwọn ọ̀gá, ó tó rán fìlà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á: ta ni yóò tú u, níbo, èló? Rolex ní kí a máa tú aago àwọn, kí a fọ̀ ọ́, kí a fi òróró tuntun sí i ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí omi náà ń gbó, òógùn àti eruku ọyẹ́ wa kì í sì í bá a ṣeré. Tí ẹni náà bá ń wòkè, ẹ máa lọ. Èmi fúnra mi kì í tú Rolex wúrà. Mo lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀yà ara tí màá fi rọ́pò ni mi ò ní, wọn kì í tà á fún irú wa.

Bí owó ọ̀hún bá tó Rolex òjúlówó láìyá kún un, ẹ wo Datejust. Láti ọdún 1945 ni wọ́n ti ń ṣe é, onírin wà nínú tirẹ̀ lóòótọ́. Bí kò bá tó, ẹ ra Longines tàbí Tissot oníbátìrì, kó máa dúró dè yín de Sátidé, kí ẹ fi ìyókù gba àlejò. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ yín á yínmú. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, Seiko 5 ni, láti ọdún tí mo ti ṣe fúrídọ́ọ̀mù. Òun náà ń fi ọjọ́ hàn, ó ń fi déètì hàn.

*Bàbá, mo kí yín láti Peckham. Nọ́ọ̀sì ni mí. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń tọ́jú owó kí n lè ra ẹ̀gbà ọwọ́ Love ti Cartier fún ara mi. Mọ́mì mi ní Òṣogbo ní ìnákúnàá ni, pé kí n ra wúrà oní-gíráàmù bí àwọn ṣe máa ń rà á. Mo ní wúrà kọ́ lèyí ni? A ò tíì parí rẹ̀. Ẹ bá wa dá a.*
*Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín ló máa dá ẹjọ́ yìí.

Lọ́dún 1969 ni Aldo Cipullo ya àwòrán ẹ̀gbà yẹn fún Cartier ní New York. Ààbọ̀ méjì ni, súkúrù ló ń dè é pọ̀ mọ́ ọwọ́, súkúdíráfà kékeré sì ń bá a wá nínú páálí, kí olólùfẹ́ ẹni lè bá ni dè é. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ ṣé kì í ṣe NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbẹ̀ yẹn, ló ní láti ìgúnpá títí dé ìka, kí ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aláìsàn wà lófìfo, àfi òrùka ìgbéyàwó tí kò ní òkúta? Aago ọwọ́ pàápàá kò sí fún yín, àyà lẹ ń fi tiyín kọ́ sí. Ẹ ó wá máa tú súkúrù kí ẹ tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ẹ ó máa dè é nígbà tí ẹ bá dé, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lọ́sẹ̀, ẹ̀yin nìkan, pẹ̀lú ọwọ́ kan, àwọn ìbejì á sì máa sunkún. Iṣẹ́ súkúrù wẹ́wẹ́ ni mo ti ń ṣe láti kékeré: bí a bá ń tú u tí a ń dè é báyẹn, ẹnu rẹ̀ á jẹ. Tó bá ti jẹ, á máa tú fúnra rẹ̀, ibi tó bá já bọ́ sí lẹ ò ní mọ̀.

Ní ti wúrà, òótọ́ lẹ sọ, wúrà ni. Káràtì 18, wọ́n á tẹ 750 sí inú rẹ̀: nínú ìdá 1,000, 750 ni wúrà, ìyókù jẹ́ àwọn irin mìíràn bíi bàbà. Ká ní ẹ̀gbà kan wọn gíráàmù 30, wúrà inú rẹ̀ jẹ́ 22.5. Ẹ wo iye tí gíráàmù wúrà ń lọ lónìí lórí fóònù yín, ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 22.5, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ṣọ́ọ̀bù kọ síbẹ̀. Nínú àlàfo tó wà láàárín méjèèjì, owó iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, VAT ìdá 20 nínú 100 ti ìjọba wà níbẹ̀, ìyókù jẹ́ owó orúkọ.

Mi ò bú orúkọ o. Ẹ̀gbà Cartier tó ṣì ní páálí tó sì ní ìwé, ẹni tó fẹ́ ẹ á san ju owó wúrà rẹ̀ lọ. Ẹ sọ ìwé àti páálí nù wàyí, kí ẹ wo bí àwọn tó ń ra wúrà ní Hatton Garden á ṣe gbé e lé sìkéèlì bíi wúrà ẹnikẹ́ni. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún pátápátá ni yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn àwọn aránṣọ olórúkọ ńlá tó jẹ́ idẹ lásán, tí wọ́n kàn fi wúrà pa lára. Owó gọbọi ni wọ́n ń tà á. Òógùn á bó wúrà rẹ̀ kúrò, idẹ á yọjú, kò sì sí sìkéèlì tó máa gbà á.

Wúrà tí Mọ́mì ń sọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ káràtì 22, èyí tí wọ́n ń tẹ 916 sí lára. Ó rọ̀, ó máa ń tẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ju ti ṣọ́ọ̀bù yín lọ. Èmi ò lè bá Mọ́mì jiyàn lórí rẹ̀. Lọ́dún 1979, màámi bọ́ ẹ̀gbà méjì lọ́wọ́, wọ́n dì í sínú gèlè, a jọ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan. Baba náà fi ẹ̀gbà ha ara òkúta dúdú kan, ó kán àsíìdì sórí ipa tó yọ, ó dúró wò ó bóyá á pa rẹ́. Kò pa rẹ́. Ó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó ka owó. Kò bèèrè ẹni tó rọ ọ́. Owó yẹn ni wọ́n fi san owó ìkọ́ṣẹ́ mi, òun náà ni wọ́n fi ra awò àti ẹ̀mú àkọ́kọ́ tí mo ní. Ẹ̀mú náà ṣì wà. Màámi ò wọ ẹ̀gbà mọ́ títí wọ́n fi lọ. Wọ́n ní ó ti máa ń yún wọn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìpamọ́ lẹ fẹ́, owó wúrà Sovereign tàbí Britannia ni kí ẹ rà níbẹ̀. Kò ní VAT lórí. Tó bá jẹ́ ẹwà lẹ fẹ́, ẹ ra yẹtí wúrà kékeré tó rọ̀ mọ́ etí, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń gbà láàyè. Ohun ọ̀ṣọ́ wúrà tó bá ti lé ní gíráàmù kan, òfin ibẹ̀ ní kí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀: orí àmọ̀tẹ́kùn ni ti Lọ́ńdọ̀nù, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ni ti Birmingham. Ẹ yá awò kí ẹ fi wá a. Tí ọkàn yín bá ṣì wà lára Love, ẹ rà á lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ̀yìn tì, kí bàbá àwọn ìbejì bá yín dè é.

*Bàbá, mo lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú aago mi ní etíkun Ẹlẹ́gùṣì. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé omi ò lè wọ̀ ọ́ títí dé 30m, omi tí mo wọ̀ ò sì ju ọrùn lọ. Kùrukùru ti bo inú gíláàsì báyìí. Mo ti rì í sínú ìrẹsì láti àná. Fọ́tò rẹ̀ nìyí.*
*Ọmọ Lẹ́kí*

Ọmọ mi, yọ ọ́ kúrò nínú ìrẹsì kí wọ́n tó sè é.

30m yẹn, kì í ṣe ìjìnlẹ̀ tí o lè gbé e wọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé bí òjò bá ta sí i, tàbí tí o bá fọwọ́, kò séwu. Ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, 100m ni kó wá. Omi òkun tún lo lọ wọ̀, iyọ̀ ti ń jẹ irin inú rẹ̀ lọ báyìí. Má gbé e sóòrùn, má sì fọwọ́ kan orí rẹ̀ mọ́. Lónìí, kì í ṣe lọ́la, gbé e lọ sọ́dọ̀ alágo kó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kó yọ bátìrì. Nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, orí aago náà yọ síta díẹ̀, nǹkan pupa kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́mbà 3. Ìpẹtà ni. O yí déètì kí o tó wọ omi, o sì gbàgbé láti tì í padà. Sọ fún alágo kó bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.