Bí Òjò Bá Ká Wa Mọ́ Orí Òkè Ńkọ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún 11, èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún 8, àbíkẹ́yìn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 4 ni. Ìbàdàn ni à ń gbé. Láti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ni àwọn ọmọ ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n mú àwọn lọ gun Òkè Ìdànrè, nítorí pé olùkọ́ wọn fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo rí gbà níbi iṣẹ́, àárín oṣù Ògún ni ó sì bọ́ sí. Ọkọ mi ní kí á máa lọ, pé òjò kì í pa ènìyàn. Ìyá mi ní bí mo bá kó àwọn ọmọ-ọmọ òun gun orí àpáta nínú òjò, kí n má ṣe wá ilé òun mọ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìbàdàn.)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta. Bàbá àwọn ọmọ kò purọ́, màmá náà kò sì ṣe àṣejù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gígòkè nìkan ni àwọn méjèèjì ń sọ. Bí ẹ bá bi mí, bí ẹ óò ṣe sọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, kí ẹ sì fi í wọn gbogbo ohun yòókù: aago tí ẹ óò gbéra, bàtà tí àwọn ọmọ yóò wọ̀, àti ọmọ tí ẹ óò mú dání.

Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe láti ìsàlẹ̀ òkè náà títí dé ibi tí ìlú àtijọ́ wà lé ní 600. Bí a bá ń gùn ún lọ sókè, àpáta ni ó wà níwájú wa, ara wa sì tẹ̀ sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, ọwọ́ ni a ó fi balẹ̀. Nígbà tí a bá ń bọ̀ nísàlẹ̀, òfìfo ni ó wà níwájú, orúnkún ti ń gbọ̀n nítorí iṣẹ́ tí ó ti ṣe, gbogbo ìwúwo ara sì wà lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí a gbé síwájú. Ohun tí kò ju agbede-méjì ojúgun yín lọ lè ga dé orúnkún ọmọ ọdún 4, nítorí náà irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í rìn sọ̀kalẹ̀, ńṣe ni ó máa ń fò. Ẹ wá da omi sí gbogbo rẹ̀ wò.

Mo sọ èyí nítorí pé ó ti ṣẹ lójú mi, ẹ̀bi mi sì ni. Mo kó àwọn ọmọ àbúrò mi méjì lọ sí Ìdànrè nínú irú ìsinmi yìí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. A fi oúnjẹ òwúrọ̀ falẹ̀, ó ti tó agogo 11 kí a tó fi ẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn. A dé òkè láyọ̀, a rí ààfin àtijọ́, àwọn ọmọ sì ń ti ẹsẹ̀ wọn bọ ojú ẹsẹ̀ kan tí ó wà lára àpáta níbẹ̀, èyí tí wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu àfi ti àjẹ́. (Ẹ má sọ apá tó kẹ́yìn yẹn fún ọmọ ọdún 8, bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó máa sunkún kí ó tó wọn ẹsẹ̀ tirẹ̀.) Ibẹ̀ ni a wà tí ojú ọ̀run fi dúdú. Òjò náà kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, a sì dúró kí ó dá pátápátá. Lẹ́yìn tí ó dá, tí a rò pé ewu ti kọjá, ni sáńdà ọmọkùnrin tí ó wà láàárín wa yọ̀, tí ó fi ìdí jókòó, tí ó sì fi ìdí náà ka àtẹ̀gùn mẹ́rin kí ọwọ́ mi tó tẹ kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ mi kò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?

Bí ẹ bá wo àpáta ńlá wọ̀nyẹn láti ọ̀nà jíjìn, ẹ óò rí àwọn ìlà dúdú tí ó ṣàn láti orí wọn wá sí ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan da ẹ̀lú sí wọn lórí. Ojú ọ̀nà tí omi máa ń gbà ni. Àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ tí wọ́n sì sọ ọ́ di dúdú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn a gbẹ, wọn a sì le bí èèpo igi. Bí omi bá kàn wọ́n, wọn a máa yọ̀ bí ilá. Kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti ìsàlẹ̀ pé ibi tí ó bá funfun tàbí tí ó rí bí eérú ni kí wọ́n tẹ̀, kí wọ́n yẹra fún ibi dúdú àti ibi tí ó ní àwọ̀ ewé. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn irú òfin bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa fi í ṣe eré.

Nípa ti oṣù Ògún tí ẹ mẹ́nu bà, ó ní ohun kan tí ó ń tan ènìyàn jẹ. Ní ilẹ̀ wa, òjò máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù náà, àrá kì í sì fi bẹ́ẹ̀ sán bí ó ṣe ń sán ní oṣù Èbìbí tàbí Ọ̀wàrà, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé ìgbà náà ló dára jù láti gun òkè. Wọn kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ìkùukùu máa ń bo ojú ọ̀run láti àárọ̀ dalẹ́ ní àkókò náà, oòrùn kì í sì í yọ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò gbẹ àpáta. Òjò winniwinni tí kò tó láti mú ènìyàn wọlé lè mú kí òkè tutù fún odidi ọjọ́ kan. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí ilẹ̀ mọ́ tí ẹ rí i pé àpáta ṣì dúdú láti òkè délẹ̀, ẹ fi ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ ní, kò sì sí ẹni tó fi dandan lé ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ má gbéra ní Ìbàdàn ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ óò gun òkè. Ẹ sùn sí Àkúrẹ́ mọ́jú, nítorí pé Ìdànrè kò jìnnà sí ibẹ̀, kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù nígbà tí ara àwọn ọmọ ṣì tù. Ẹ dá àkókò tí ẹ óò yí padà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tèmi ni agogo 11 òwúrọ̀, ibi yòówù tí a bá dé, ìbáà kù díẹ̀ kí a rí ààfin. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ nínú mọ́tò, kí ó má di ẹjọ́ lórí àpáta. Ẹ bá afinimọ̀nà tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, kí ẹ bi í pé ibo ni omi ń gbà kọjá lórí àtẹ̀gùn ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé kò sí ìwé kankan tí ó lè sọ èyí fún yín.

Ọmọ ọdún 4 ńkọ́? Èrò tèmi ni pé kí ẹ má mú un lọ lásìkò òjò. Yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè dé ìdajì, lẹ́yìn náà yóò ní kí ẹ pọ̀n òun, ẹni tó bá sì pọ̀n ọmọ lórí àtẹ̀gùn tútù kò lè rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ sí dáadáa, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wúwo nígbà tí ó yẹ kí ó fúyẹ́. Òtútù tún máa ń tètè mú ọmọ tí wọ́n pọ̀n ju ọmọ tí ó ń rìn lọ. Ẹ gbé e fún màmá tí ó ń bínú yẹn. Ó ṣeé ṣe kí ìbínú náà rọlẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀.

Bàtà kànfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, tí ó sì ṣì ní ojú, ni kí àwọn ọmọ méjì tó kù wọ̀, kí okùn rẹ̀ le dáadáa. Sílípáàsì kò ṣeé gbọ́ sétí rárá, bàtà tuntun tí wọn kò tíì wọ̀ rí náà kò sì dára. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ ṣòkòtò jíǹsì, nítorí pé bí ó bá mu omi tán, yóò wúwo bí iyán àná, kò sì ní gbẹ títí ẹ óò fi délé. Jẹ́sì tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù dára ju ú lọ. Ẹ wé sẹ́wẹ́tà àti aṣọ gbígbẹ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó pa. Aṣọ òjò ni kí ẹ mú, ẹ fi agbòòrùn sílẹ̀ nínú mọ́tò, nítorí pé ọwọ́ kan ni yóò gbà lọ́wọ́ yín, atẹ́gùn orí òkè yóò sì gba èyí tó kù. Ẹ mú ìpékeré, ẹ̀pà àti omi, kí ẹ bu tíì gbígbóná sínú fúláàsì. Bí ọmọ tí ó ti ń rojọ́ láti àárọ̀ bá dákẹ́ lójijì, tí ó ń gbọ̀n, tí ìka rẹ̀ kò lè ṣí ìdérí ike omi, òtútù ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò lọ́rùn rẹ̀ kí ẹ tó fún un ní tíì.

Bí ẹ bá ń gòkè, kí àgbà wà lẹ́yìn ọmọ; bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, kí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ọmọ ni àgbà máa ń wà nígbà gbogbo. Ibi tí ó bá tutù jù, kí ọmọ jókòó kí ó sì máa fi ìdí rọra sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ọmọ ọdún 11 yóò ní ojú ń ti òun. Bí bàbá rẹ̀ bá kọ́kọ́ jókòó, òun náà yóò jókòó.

Àrá nìkan ni n kò ní bá yín ṣe eré lé lórí. Bí mànàmáná bá kọ, kí àkọ́bí yín máa ka ìṣẹ́jú-àáyá. Ìró àrá máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí ó bá sán kí ọmọ tó ka 30, kò jìnnà ju kìlómítà 10 lọ sí yín. Ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀, ẹ má sì ronú àtipadà sókè àfi bí ìdajì wákàtí bá ti kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Ẹ má dúró sábẹ́ igi tó dá wà. Ẹ má kó àwọn ọmọ sábẹ́ àpáta tó yọrí síta, bí ó ti wù kí ibẹ̀ gbẹ tó, nítorí pé iná tó bá gba ara àpáta lè fò láti òrùlé rẹ̀ bọ́ sára ẹni tó wà lábẹ́. Irin ìdìmú ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ máa dìmú nígbà òjò lásán, ọwọ́ yín ni kí wọ́n dìmú dípò rẹ̀ nígbà náà. Inú mọ́tò tí ẹ ti gíláàsì rẹ̀ pa ni ibi ààbò, àtíbàbà kì í ṣe ibi ààbò.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. A fẹ́ kó ọmọ 30 lọ sí Olúmọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Òkè kékeré ni, àbí? (Olùkọ́ Kan, Ṣágámù.)

ÌDÁHÙN: Ó kéré sí Ìdànrè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà àtijọ́ tó gba àárín àpáta há gan-an, àwọn ọmọ 30 yóò sì tò sórí òkúta tútù bí ẹní ń dúró gba epo. Ẹ pín wọn sí ọmọ márùn-ún márùn-ún, kí àgbà kan wà pẹ̀lú márùn-ún kọ̀ọ̀kan, kí ìpín kan má sì gòkè kí ìpín tó ṣáájú tó sọ̀kalẹ̀ tán. Ẹ̀rọ agbéni-ròkè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iná ni ó ń lò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí àpáta kò bá ṣeé gùn ní ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ṣì lè rí abẹ́ òkúta tí àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ibi ìsádi nígbà tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́, aṣáájú wọn, bí àrá kò bá sán. Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn lọ sí ọjà Ìtòkú tó wà nítòsí kí wọ́n lọ wo àdìrẹ. Ẹ kìlọ̀ fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì pé kí ó má gbé ọkọ̀ kúrò nídìí òkè lọ jẹun, nítorí pé bí òjò àrá bá ṣú lójijì, inú ọkọ̀ náà ni ẹ óò kó gbogbo wọn sí.