Ìgbà wo ni ọmọ eku gba oògùn náà?

Àbúrò mi, o ní oògùn tuntun tí ẹ ń dán wò dín ìsúnkì kù lára àwọn ọmọ eku tí ẹ gún ní abẹ́rẹ́ NMDA (kẹ́míkà tó ń ru ọpọlọ sókè), o wá ń bèèrè bóyá ẹ lè kọ ọ́ pé ó kápá infantile spasms, ìyẹn àrùn tó ń mú ara ìkókó súnkì léraléra. Èmi ò ní kọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi èèyàn ni pé: ṣáájú ìsúnkì ni ẹ fún un ní oògùn, àbí lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀?

Yàtọ̀ sí àwọn ọmọ tó ní tuberous sclerosis (àrùn àbínibí tó ń hu kókó sínú ọpọlọ), tí EEG, àyẹ̀wò iná ọpọlọ, lè tú àṣírí wọn ṣáájú, ìkókó tí ara rẹ̀ ti ń súnkì léraléra ni òbí ń gbé wá. Tí oògùn yín bá ti wà lára eku kí NMDA tó wọlé, ó lè jẹ́ NMDA nìkan ló ń bá jà. Ohunkóhun tó bá dí ibi tí NMDA ń lẹ̀ mọ́ nínú ọpọlọ máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ da NMDA nù o. Bí ẹ bá fún ìyá eku ní betamethasone, oògùn steroid, lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oyún, ACTH (hómónù tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn yìí) máa ń ran àwọn ọmọ rẹ̀, bó ṣe ń ran ọ̀pọ̀ ìkókó láti 1958. Láìsí betamethasone, ACTH kì í ràn wọ́n. O ò sọ bóyá ẹ fún ìyá wọn.

Olórí kunkun ni eku ti multiple-hit, tí wọ́n fi oríṣiríṣi ìpalára dá àrùn yìí sí lára, tí Scantlebury àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2010: doxorubicin (oògùn jẹjẹrẹ) àti lipopolysaccharide (èròjà ara bakitéríà) sínú ọpọlọ lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n bí i, PCPA (èyí tó ń dín serotonin kù) sínú ikùn lọ́jọ́ karùn-ún. ACTH ò ràn án. Vigabatrin, oògùn wárápá, ràn án, àmọ́ kò pẹ́. Lára irú eku yìí ni rapamycin (oògùn tó ń dín agbára àjẹsára kù) ti dá ìsúnkì dúró ní 2011, lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀. Irú ẹ̀rí tí mò ń wá nìyẹn, síbẹ̀ rapamycin kọ́ ni dókítà kọ́kọ́ ń nawọ́ sí fún ìkókó títí di òní.

Kíkà ìsúnkì ló fi ojú mi rí màbo jù. Ọmọ eku tó ń sùn máa ń ta pàrà, apá àti ẹsẹ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ ò tíì là sì máa kà á mọ́ ìsúnkì. Oògùn tó bá da oorun rẹ̀ rú á dín iye yẹn kù, ẹ ó sì máa yọ̀ lásán. Èyí tó ń sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára tún burú jù, torí kò ní lè mira dáadáa. Ẹ dá a dojú sókè kí ẹ wo bó ṣe tètè yí padà. Ẹ wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọn, wàrà máa ń hàn funfun lára ikùn. Tí kò bá sí, ọmọ náà ò mu ọmú. Ẹ má sì jẹ́ kí òtútù mú wọn nídìí fídíò, torí tí wọ́n bá kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn, ara wọn kì í lè mú ooru dúró, wọ́n á wá dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ẹni tí oògùn ràn.

Ẹni tó ń kà kò gbọ́dọ̀ mọ èyí tó gba oògùn (mo ti bá ọ̀gá mi jà lórí èyí). Ẹ pín ọmọ ìyá kan náà sí gbogbo ìwọ̀n oògùn, kí ẹ má fi ìdílé kan sí oògùn, òmíràn sí omi iyọ̀.

Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú betamethasone, kí ACTH àti vigabatrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fún wọn ní oògùn lẹ́yìn ìsúnkì àkọ́kọ́. Tí àbájáde yín bá ṣì fìdí múlẹ̀, ẹ gbé oògùn náà lọ sára eku multiple-hit.