Èsì: ṣé ẹ̀bi ọmọ ni?

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ọ̀fà, ẹ bèèrè bóyá àìgbọràn ni kò jẹ́ kí ọmọ yín gbé fóònù sílẹ̀. Rárá o, mà. Ní 2006, Aza Raskin, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, ṣe ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kì í tán: bí a ṣe ń fà á sókè ni òmíràn ń yọ. Òun fúnra rẹ̀ ti kábàámọ̀ rẹ̀. Nínú ohun tó ń yọ wọ̀nyẹn, a kì í mọ èyí tó máa dùn. Ìyẹn ló ń múni. Níbí ní Ìlọrin, àmàlà máa ń tutù níwájú àbúrò mi, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì ń fa ojú fóònù. Ó dùn mí gan-an. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ yọ ibi ìdúró kúrò lọ́nà ọmọdé ló jẹ̀bi jù. Ẹ pa gbogbo ìró tó ń pè é, kí fóònù sì máa sùn ní yàrá yín.