Èsì: Ìdí tí Cub yín fi ń ta padà sókè nígbà ìbalẹ̀

Ẹ bèèrè ìdí tí Cub yín, bàálù kékeré yẹn, fi ń ta padà sókè bí ẹ bá ń balẹ̀, àti ohun tí ẹ lè ṣe sí yíyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀. Eré ló ṣì pọ̀ lára rẹ̀ nígbà tí ẹ ń gbé táyà iwájú méjèèjì kanlẹ̀. Ìwúwo bàálù onítáyà-ìdí (táyà méjì níwájú, kékeré kan lábẹ́ ìdí) wà lẹ́yìn táyà iwájú wọ̀nyẹn. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ kanlẹ̀, ìdí á rọ̀ wálẹ̀, imú á gbé sókè, afẹ́fẹ́ á tún gbé ìyẹ́ apá, ló bá fò.

Ẹ dín agbára ẹ́ńjìnnì kù pátápátá, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ilẹ̀. Bó ṣe ń fẹ́ rọlẹ̀, ẹ máa fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kó balẹ̀ rárá. Tí ọ̀pá bá fi máa dé ikùn yín, táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kanlẹ̀ pọ̀. Ẹ mú un dání síbẹ̀.

Ìbalẹ̀ táyà mẹ́ta nìkan nìyẹn wà fún. Tó bá jẹ́ táyà iwájú lẹ dìídì fẹ́ fi balẹ̀, ẹ rọra ti ọ̀pá síwájú gẹ́lẹ́ tí wọ́n bá kanlẹ̀.

Tó bá ta sókè gan-an, ẹ má ti imú wálẹ̀ o! Ẹ ti agbára ẹ́ńjìnnì dé òpin, kí ẹ gbéra padà, kí ẹ lọ yípo wá balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ti yíyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ tún bèèrè, ẹsẹ̀ ló ni ín. Ìpẹ̀kun pápá ni kí ojú yín wà. Ẹ máa tẹ pẹ́dà tó ń yí imú bàálù sọ́tùn-ún tàbí sósì ní kéékèèké, kí ẹ sì tètè tú u sílẹ̀, títí bàálù á fi dúró pátápátá.