Kí ni ká ṣe kí Sega àtijọ́ lè máa rántí póìǹtì àwọn ọmọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo ra Sega Mega Drive tókùnbọ̀ kan fún àwọn ìbejì mi, kásẹ́ẹ̀tì méjì ló bá a wá. Ọ̀kan jẹ́ gémù ọkọ̀ òfúrufú tó ń yìnbọn. Bí èèyàn bá gba póìǹtì tó pọ̀, á kọ orúkọ rẹ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n. Èkejì ni Shining Force, tí ẹni tó tà á fún mi ní ó máa ń tọ́jú ibi téèyàn bá bá a dé. Àmọ́ bí wọ́n bá ti múná lọ báyìí, gbogbo ẹ̀ ti pòórá nìyẹn. Kẹ́hìndé á ní òun lòun gbà jù lánàá, Táyé á ní irọ́ ni, ìjà ti dé. Bọ́tìnnì ìbọn tí mo yí padà fún wọn náà, bí a bá tún tan ẹ̀rọ, á ti padà sí bó ṣe wà. Ṣé ẹ lè tú ẹ̀rọ yìí, kí ẹ fi ohun tí á máa rántí nǹkan sínú rẹ̀?
Bàbá Ìbejì, Ìgbógbó, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Olúwa á bá wa wò wọ́n. Ẹ fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ níbi tó wà, kò sóhun tó ṣe é. Kásẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ gbé wá bá mi ní Sábó.

Mega Drive, tí Sega kọ́kọ́ gbé jáde ní Jàpáàn ní 1988, ní mẹ́mọ́rì iṣẹ́ 64 kilobáìtì péré. Ibẹ̀ ni gémù máa ń kọ gbogbo ìṣirò rẹ̀ sí bí àwọn ọmọ bá ń gbá a: póìǹtì, ẹ̀mí tó kù, bọ́tìnnì tí ẹ yàn. Ẹ fojú síléètì ọmọ iléèwé wò ó. Bí iná bá lọ, wọ́n ti fi omi nù ún nìyẹn. Wọn kò fi ibi ìpamọ́ kankan sínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. (Sega Saturn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní tirẹ̀ nínú, pẹ̀lú bátìrì tí ẹ lè fi ọwọ́ yọ lẹ́yìn.) Ti Mega Drive, inú kásẹ́ẹ̀tì ni ìpamọ́ wà, bó bá wà rárá. Ìdí nìyẹn tí gémù Sonic àkọ́kọ́ tó jáde ní 1991 kì í fi í tọ́jú ohunkóhun, tí Sonic 3 ti 1994 sì ń tọ́jú, lórí ẹ̀rọ kan náà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí Shining Force bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣeé tún ṣe. Ẹni tó tà á fún yín kò parọ́. Áísì mẹ́mọ́rì kan, ègé kékeré tó ń tọ́jú nǹkan, wà nínú rẹ̀ tí bátìrì pẹlẹbẹ kan ń fún lóúnjẹ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá paná. Bátìrì yẹn ló ti kú. CR2032 ló wọ́pọ̀ jù níbẹ̀: fóòtì 3 ni agbára rẹ̀, ó fẹ̀ tó mìlímítà 20, ó nípọn tó 3.2, ohun tí nọ́ńbà orúkọ rẹ̀ ń sọ nìyẹn. Iná tí áísì náà ń fà kò ju ti kòkòrò lọ, ìyẹn ni bátìrì bẹ́ẹ̀ fi máa ń lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún. Kásẹ́ẹ̀tì tiyín ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ìdè ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì Sega kì í gbọ́ ti sukurudíráfà lásán. Ó ní irinṣẹ́ tirẹ̀, oníhò, 3.8 mìlímítà. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ńṣe la máa ń fi iná rọ ìdí bíró, ká tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ìdè náà kó tó tutù, ká sì fi í tú u. Bí a bá ti ṣí i, mo máa ń fi mítà wọn bátìrì náà. Bí kò bá tó fóòtì 2.5, yíyọ ni. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ba nǹkan jẹ́ gan-an nìyí. Wọ́n ti jó ẹsẹ̀ bátìrì náà mọ́ páńẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe ohun tí à ń fà tu. Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù, mo fi púláyà fa ọ̀kan, ọ̀nà kọ́pà abẹ́ rẹ̀ bá a bó jáde bí awọ àlùbọ́sà. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ń so ó padà pẹ̀lú wáyà tó tín-ín-rín bí irun. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń yọ́ léèdì ẹsẹ̀ kan tán kí n tó kan èkejì. Bátìrì tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ti ní ẹsẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná tí a fi ń jó léèdì lé ojú bátìrì fúnra rẹ̀, ó lè bẹ́ mọ́ ọn lójú.

Kásẹ́ẹ̀tì tó bá ti pẹ́ nítòsí ọ̀sà, bí ti apá Ìpakodò, ìpẹtà aláwọ̀ ewé sábà máa ń bo ẹsẹ̀ bátìrì rẹ̀. Mo máa ń fi spirit fọ ìyẹn mọ́ ná.

Bí owó bá wà, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn jù: ká yọ áísì mẹ́mọ́rì náà pátápátá, ká fi irú tí wọ́n ń pè ní FRAM rọ́pò rẹ̀. FRAM kì í gbàgbé bí iná bá lọ, kò sì nílò bátìrì láéláé. Òun gan-an ni Sega fi sínú Sonic 3. Bí áísì àtijọ́ náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 62256 sí lára, FRAM tó ń jẹ́ FM1808 ni mo ń fi rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ 6264, FM1608 ni. Ẹsẹ̀ 28 ni gbogbo wọn ní. Àmọ́ FRAM ní ìwà kan: ó fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìpè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Páńẹ́ẹ̀lì tó bá di ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ títí, kò ní bá a ṣiṣẹ́. Nítorí náà, mo ní láti wo tiyín kí n tó dá owó lé e.

Gémù ọkọ̀ òfúrufú wá ńkọ́? Òótọ́ ibẹ̀ kò dùn. Ẹni tó kọ gémù yẹn kò kọ ọ́ pé kó tọ́jú nǹkan. Lójú ewé àkọ́kọ́ inú kóòdù gémù Mega Drive tó bá ní ìpamọ́, lẹ́tà R àti A máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń kéde rẹ̀. Tí kò bá ti sí níbẹ̀, tí gémù náà kò sì mọ ibi tí á kọ nǹkan sí, bí mo bá lẹ bátìrì mẹ́wàá mọ́ ọn, òfo ni. Ẹni tó bá gba owó yín láti tú ẹ̀rọ nítorí rẹ̀ ti jẹ yín. Ọ̀nà tó ṣẹ́ kù ni kásẹ́ẹ̀tì tí a ń ki káàdì mẹ́mọ́rì sí, bí EverDrive, èyí tí àwọn oríṣi rẹ̀ kan lè ya àwòrán gbogbo síléètì yẹn pamọ́, kí wọ́n sì dá a padà bó ṣe wà, póìǹtì, orúkọ àti bọ́tìnnì. Owó rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ yín lọ, n kò ní tì yín sí i. Ẹ máa fi fóònù ya ojú tẹlifíṣọ̀n kí ẹ tó paná, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri fún wọn.

Ti ètò tí èèyàn ń yàn, ẹyọ kan péré ló wà tí mo lè fi sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: áísì kékeré tí wọ́n ń pè ní PIC, tó ń yan èdè àti iye ìgbà tí àwòrán ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 50 tàbí 60 (Hz). Ẹ ó di bọ́tìnnì reset mú, àwọ̀ iná iwájú á yí padà, á sì rántí ohun tí ẹ yàn láìsí bátìrì. Kò kan bọ́tìnnì ìbọn.

Ẹ tún wo ara adápútọ̀ yín. Bó bá jẹ́ 100 tàbí 120 fóòtì nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ má kì í bọ iná wa.

Bátìrì tí mo bá yọ, n kì í dá a padà fún ẹni tó ní ọmọ kékeré nílé. Bí ọmọ bá gbé irú rẹ̀ mì, láàárín wákàtí méjì ó lè ti jó o lọ́nà ọ̀fun. Èyí tó bá wà nínú rìmóòtù tàbí nǹkan ìṣeré wọn, ẹ rí i pé ìdè ti dé e pa. Bí ẹ bá sì fura pé ọ̀kan nínú wọn ti gbé e mì, ẹ má dúró wò ó bóyá á yàgbẹ́ rẹ̀, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.