Ẹ má tíì wọ ọkọ̀ Ìbàdàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Kubwa ni mò ń gbé ní Àbújá níbí, ọmọ Òfà ni mí. Bàbá tó bí bàbá mi ṣe akọ̀wé lábẹ́ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, mo sì fẹ́ mọ ìtàn wọn kí àwọn àgbà ilé wa tó tán. Mo lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì kan. Wọ́n gba báàgì mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gba báírò ọwọ́ mi, wọ́n ní ìwé tí mo fẹ́ kò ṣeé yá lọ sílé. Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ ò tilẹ̀ wojú mi. Ṣé torí pé n kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni? Àbí kí n kúkú gba Ìbàdàn lọ?
Ìyá Ìbejì, Kubwa

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrìn. Obìnrin yẹn ò ṣe dáadáa. Ká ní ó ṣàlàyé fún yín ni, ẹ ò ní bínú kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti báírò yẹn, ẹ má bá wọn wí. Ọdún 21 ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwé àtijọ́ ní Zaria kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi náà sì gba báírò lọ́wọ́ èèyàn, títí kan ọ̀jọ̀gbọ́n. Báírò tó bá ta sórí lẹ́tà ọdún 1912, kò sóhun tó lè mú un kúrò mọ́. Pẹ́ńsù ṣeé pa rẹ́. Àwọn ìwé wọ̀nyẹn ò sì ní ẹ̀dà kejì lọ́jà, nítorí náà wọn kì í yá ẹnikẹ́ni.

Ti Ìbàdàn ló jẹ mí lógún jù. Mẹ́ta ni ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí tó lórúkọ láyé ọjọ́un: Ìbàdàn fún ìwọ̀-oòrùn, Enugu fún ìlà-oòrùn, Kàdúná fún Àríwá. Yorùbá là ń sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Àríwá ni òyìnbó ka Òfà mọ́, lábẹ́ Ìlọrin. Títí di 1967 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tó padà di Kwara sílẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ Àríwá ni ìròyìn Ìlọrin ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Kàbà, Ìyàgbà àti Ìjùmú. Mo rí ọmọ Ìsánlú kan tó ti fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ìlú ẹ̀ kiri ní Ìbàdàn kó tó wá bá wa. Ó dùn mí gan-an.

Kàdúná ni kí ẹ lọ. Ẹ béèrè àwọn fáìlì Ìlọrin, àtàwọn tí wọ́n kọ SNP sí lára, ìyẹn fáìlì akọ̀wé àgbà ìjọba fún ilẹ̀ Àríwá. Ẹ tún yà ní Arewa House, ilé tí Sàdáúnà gbé, tó ti di ibi ìwádìí ìtàn Yunifásítì Ahmadu Bello.

Ọ̀nà àbùjá kan wà. Kí ẹ tó lọ, ẹ wá ìwé ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi gboyè lórí Òfà tàbí Ìlọrin ní yunifásítì, kí ẹ ṣí i sẹ́yìn pátápátá. Nọ́ńbà fáìlì tó lò wà níbẹ̀. Ẹ dà wọ́n kọ.

Bí ìdílé yín bá ní àfáà, ẹ má gbàgbé Zaria. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá wà ní yunifásítì níbẹ̀. Ẹ ò rí ìwé tí wọ́n rán pọ̀: tákàdá kọ̀ọ̀kan ni, láìdì, nínú àpò awọ. Bí ẹ bá gbé òmíràn sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí àwòrán òṣùpá mẹ́ta nínú ara tákàdá, àmì àwọn ará Ítálì tó ṣe é. Nísàlẹ̀ ojú ewé, ẹni tó kọ ọ́ á kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí igun. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tó kàn. Bí atẹ́gùn ọyẹ́ bá tú wọn ká, ọ̀rọ̀ yẹn la fi ń tò wọ́n padà. Mo ti tò wọ́n bẹ́ẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹ mú pẹ́ńsù méjì, káàdì ìdánimọ̀ àti lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ yín dání. Ẹ kọ orúkọ bàbá àgbà sílẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí òyìnbó lè gbà kọ ọ́, torí wọn ò mọ àmì ohùn. Ìlọrin gan-an, Illorin ni wọ́n máa ń kọ nígbà náà.